Tìmùtìmù Awọ Ewúrẹ́

Ìbọn náà ti dún tán kí Ìbídùn tó gbọ́ igbe ọkùnrin náà.

Ìró ìbọn kì í ṣe nǹkan tuntun ní Orókè. Àwọn ọmọ ọwọ́ ibẹ̀ kì í ta gìrì mọ́ tó bá dún, wọn á kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà ni, wọn á máa bá oorun wọn lọ. Ṣùgbọ́n igbe yìí, òun nìkan ló gbọ́ ọ, torí etí òun nìkan ni hẹ́dífóònù wà nínú gbogbo ìlú. Àwọn àwo ńlá tó lanu sí òfúrufú lórí òrùlé ilé ìṣọ́ ló gbá igbe náà mú, wáyà gbé e wọlé, ampilifáyà sọ ọ́ di ńlá, ó sì wọ orí Ìbídùn bí ẹni pé ẹni tó ń ké jókòó sórí itan rẹ̀.

"Bàbá mi o! Ẹ má yìn ín mọ́! Àwa ni! Bàbá, àwa ni!"

Nǹkan wúwo kan fọ́ mọ́ àpáta nísàlẹ̀ ìlú, igbe náà sì dákẹ́.

 Ìbídùn mọ ohùn náà. Kò sí ohùn tí kò mọ̀ ní Orókè, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Akínbọ̀dé ni, ọmọ Jagun Akínṣọlá, tó wa ọ̀kan nínú alápàáǹdẹ̀dẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọkọ̀ òfúrufú kéékèèké tí ìlú rán lọ gbé oògùn ikọ́ eruku wá. Òun Ìbídùn ló gbọ́ ọkọ̀ náà láti ọ̀nà jíjìn, òun ló ní ọ̀tá ni, òun ló fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ irin ọ̀tún tó ń yìnbọn, kò tẹ ti òsì tó ń dá ìbọn dúró. Ìbọn orí òrùlé kì í sì í bi irin ọ̀tún léèrè ọ̀rọ̀.

Bàbá ọmọ yìí gan-an ló dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.

"O káre, Etí," ni Jagun wí, ó sì gbá a léjìká bí ọkùnrin ṣe ń gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ọpọ́n ọ̀tá míì tún ti lọ. Kí lo gbọ́ nígbà tó ń bọ́?"

Ìbídùn la ẹnu. 

"Ó ti bọ́," ló rí sọ.

"Mo mọ̀ pé ó ti bọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ké ni."

Ìbídùn tẹ orí ba. Jagun rò pé àárẹ̀ ni, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó lọ sídìí fèrèsé. Kí ló fẹ́ rí níbẹ̀? Ọyẹ́ tó wọ ìlú nígbà tí bàbá Jagun wà lọ́mọdé kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ọjọ́ yìí. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn sì wà lókè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá na ọwọ́ síta fèrèsé kò lè rí ìka ara rẹ̀. Gbogbo nǹkan pupa, ó sì rí kúrúkúrú.

"Jagun," ohùn Rájí, ẹni tó ń tọ́jú ìbọn, ti orí òrùlé wá nínú páìpù. "Ṣé kí n rán àwọn ènìyàn lọ wo ibi tó bọ́ sí?"

"Kí wọ́n lọ ṣubú sí kòtò nínú eruku? Jẹ́ kí àwọn ọmọ tiwa wọlé ná. Akínbọ̀dé ò ní pẹ́ dé."

"Ì bá dára kí wọ́n lè fi rédíò sọ fún wa pé àwọn ń bọ̀."

"Ilé ẹ̀kọ́ tó jóná, ṣebí ohùn rédíò ni àwọn ọ̀tá tẹ̀ lé débẹ̀? Ọmọ mi ò gọ̀. Yóò pa ẹnu mọ́, yóò máa bọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, Etí yóò sì gbọ́ ọ. Ohun tí etí wà fún nìyẹn." Ó yíjú sí Ìbídùn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìdí nìyẹn tí a fi ń kẹ́ ẹ."

Ìbídùn gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ojú náà sì bọ́ sára ògiri. Etí ènìyàn ló wà níbẹ̀ lórí ìṣó, wọ́n ti gbẹ, wọ́n dúdú, wọ́n ká kò bí ewé tábà. Ti àwọn tó jókòó lórí àga yìí ṣáájú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ ìlú ní ọ̀tá, tí ìbọn sì pa á, òfin Orókè kò ní kó sanwó, kò ní kó ṣẹ̀wọ̀n. Etí ló ń lọ. Jagun ló sì ń gé e.

Ó ní láti mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ohun tó ń pa á láyà ju ìṣó ara ògiri lọ nìyí: alápàáǹdẹ̀dẹ̀ méjì ṣì wà níta, ọkọ rẹ̀ Ọlátẹ́jú ló sì ń wa ọ̀kan nínú wọn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ nǹkan wò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ampilifáyà, ó ti gbóná bó ṣe yẹ. Bí ampilifáyà yẹn bá tutù, ohùn á máa jáde ní gbígbẹ, kò ní lẹ́ran lára. Kì í ṣe òun. Ó fa wáyà wò, orí rẹ̀ wọlé ṣinṣin. Wáyà tó bá dẹ̀ ń ṣe pàrà-pàrà létí, kò sì gbọ́ pàrà kankan. Ó wo ojú bátìrì, ó kún. Ó fọwọ́ tọ ọ̀pá irin tó gba orí rẹ̀ kọjá tó so apá méjèèjì hẹ́dífóònù pọ̀. Ibi tó máa ń wà ló wà.

Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ kan awọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì fi iṣẹ́ etí jẹun rí lè máa rò pé ìhò etí ni hẹ́dífóònù ń bá sọ̀rọ̀, pé ohun tó wà láàárín kò ṣe nǹkan kan. Ó ń ṣe nǹkan. Tìmùtìmù tó yí etí ká yẹn, ilé tí ohùn ń gbé ni. Bí o bá sọ ilé di ńlá, bí o bá rẹ́ ògiri rẹ̀, bí o bá dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, ohùn inú rẹ̀ á yí padà. Àrán ni Ìbídùn ti ń lò láti ọdún yìí wá, àrán ògbólógbòó kan tó ti pẹ̀ mọ́lẹ̀, tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Inú àrán yẹn ló ti kọ́ ohùn gbogbo ọkọ̀. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tiwọn ń dún fíín, tín-ín-rín, bí ẹ̀fọn tó ń fò létí ẹni tó fẹ́ sùn. Ọpọ́n, ọkọ̀ pẹrẹsẹ ńlá tí àwọn Ọlọ́pọ́n fi ń ru iná wá dà sórí ìlú, ń dún kùù láti ìsàlẹ̀, àyà ni ènìyàn á kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n Etí ti já ọpọ́n púpọ̀ lọ́dún yìí, ìlú sì fẹ́ dúpẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin Ìsàlẹ̀ Àpáta gun òkè wá, wọ́n gbé tìmùtìmù tuntun lé àwo lọ́wọ́. Awọ ewúrẹ́ dídán, wọ́n fi òwú kún un wàmùwàmù, wọ́n rán an dáadáa débi pé ènìyàn kò rí ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wọ̀ ọ́ mọ́ hẹ́dífóònù rẹ̀. Wọ́n sì so tìmùtìmù àrán mọ́ ọrùn ìbọn lórí òrùlé, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo Etí tó bá ṣe dáadáa, kí ìbọn lè máa ṣọ́ ẹni tó ń bá a gbọ́ran. Ìbídùn kúnlẹ̀ dúpẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀ pàápàá.

Ní báyìí, ó fi ìka kan gbé awọ náà kúrò lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ sá jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jẹ́ kó padà, ìsàlẹ̀ tún wú, ó sì bo tòkè mọ́lẹ̀.

Wọ́n fi ìfẹ́ rán an, ó nípọn, ó dí etí pinpin, ó sì sọ fíín di kùù. Wọ́n fi ìfẹ́ pa Akínbọ̀dé.

Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn míì wọlé láti ìlà-oòrùn.

Kùù ni. Ó wúwo, ó ń bọ̀ tààrà. Ìbídùn tún gbé awọ kúrò lára etí, ohùn náà di fíín. Ó dà á padà, ó di kùù.  Bí òun bá fẹ́ kó jẹ́ Ọlátẹ́jú, òun á kàn gbé awọ sókè ni, Ọlátẹ́jú ni yóò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọpọ́n gidi náà yóò di fíín tí òun bá gbé awọ sókè, yóò sì wọlé wá da iná sórí àwọn ọmọ tó wà nílé ìtọ́jú. Ìka òun kò lè dá ẹjọ́ yìí. Àrán tí òun fi kọ́ iṣẹ́ nìkan ló lè dá a.

"Jagun, ẹ dákun, mo fẹ́ tìmùtìmù àrán mi."

Jagun yíjú padà. "Èwo?"

"Èyí tó wà lọ́rùn ìbọn. Awọ yìí kò jẹ́ kí n gbọ́ran. Nǹkan kan ń bọ̀, mi ò sì mọ ohun tó jẹ́."

"Ìwọ? O ò mọ ohun tó jẹ́?" Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹni tó bá tú nǹkan lọ́rùn ìbọn, o mọ ohun tí mo ti sọ pé kí Rájí ṣe fún un. Ìlú fi ẹ̀bùn dá ọ lọ́lá láàárọ̀, o fẹ́ bọ́ ọ dànù lọ́sàn-án?"

"Ẹ̀bùn dáadáa ni. Ó kàn nípọn jù ni, bàbá. Ó ń wú ohùn."

"Ṣebí òun náà lo fi já ọpọ́n lulẹ̀ ní ìsinsìnyí?"

Agogo ara ògiri dún lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń bọ̀ ti wọ agbègbè ìlú nìyẹn. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí Etí kò tẹ irin kankan, ìbọn á yìn fúnra rẹ̀. Lókè, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń yí orí, tó ń lọ̀ gìrì-gìrì lórí òrùlé.

Ìbídùn mọ̀ pé irọ́ wà tí òun lè pa. Òun lè ní àwo kan bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Jagun kò ní tìtorí irọ́ tú nǹkan lọ́rùn ìbọn. Bí òun bá sì sọ òótọ́, ó ṣeé ṣe kó pa òun sórí àga yìí, kò sì sí etí míì ní Orókè tó lè gbọ́ ohun tó ń bọ̀. 

"Kì í ṣe ọpọ́n ni mo já, bàbá," ló wí. "Akínbọ̀dé ni."

"Tún un sọ."

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó ń bọ́. Akínbọ̀dé ni."

Jagun fi ìdí ìbọn àgbéléwọ́ gbá a lẹ́nu. Eyín kan ṣẹ́, ó bọ́ sórí ampilifáyà, ó sì yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀. Kí Ìbídùn tó mí, ó ti fà á kúrò lórí àga, ó ti fi orí rẹ̀ lu ilẹ̀, ó ti fi orúnkún lé e láyà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lọ́fun rẹ̀. Kò pariwo. Ohun tó bani lẹ́rù jù nìyẹn, ó ń fún un lọ́fun, ó sì ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń fún aṣọ.

Ìbídùn kò bá a jà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di wáyà hẹ́dífóònù mú, torí ó ń fà tan-tan láàárín òun àti ampilifáyà, bó bá sì já, ó parí. Ojú rẹ̀ ń ṣú lọ. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń ṣàn wọ imú.

Agogo dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Etí, kí ni?" Rájí ń pariwo nínú páìpù. "Ìbọn ti dojú kọ ọ́ o. Ṣé tiwa ni àbí tiwọn? Etí?"

"Oògùn," ni Ìbídùn fi ètè sọ, torí kò sí afẹ́fẹ́ tó máa fi sọ ọ́. "Ọmọ Akínbọ̀dé."

Gbogbo ìlú mọ̀ pé ọmọ Akínbọ̀dé wà nílé ìtọ́jú, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Jagun ló ń fún un lóúnjẹ lálaalẹ́. Oògùn tó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ti fọ́ mọ́ àpáta. Èyí tó kù wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀, bó bá jẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀.

Ọwọ́ Jagun dẹ̀. Ó wo Ìbídùn bí ẹni tó fẹ́ tutọ́ sí i lójú. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sáré gun àkàbà lọ sórí òrùlé.

Ìbídùn wọ́ ara rẹ̀ títí ó fi dé orí àga, ó gbé hẹ́dífóònù sétí. Àwọn àwo orí òrùlé kò mọ ọ̀tá, wọn ò mọ ọ̀rẹ́, gbogbo ohùn ni wọ́n ń gbé wọlé, nítorí náà ó gbọ́ ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ lókè.

"Jagun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Rájí wí. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí n yìnbọn fún ẹnikẹ́ni tó bá tú u."

"Yìn ín nígbà náà."

Rájí kò yìn ín. Ohun tí Ìbídùn gbọ́ tẹ̀ lé e ni pé ẹran ara ń dún ṣàà lórí irin. Ọrùn ìbọn náà kò tíì tutù láti ìgbà tó ti yìn lu Akínbọ̀dé. Jagun kò wá aṣọ fi dì í mú, kò sí àyè. Ó fi ọwọ́ lásán tú okùn náà, ó ń kùn nísàlẹ̀ ọ̀fun, ṣàà náà kò sì dáwọ́ dúró títí okùn fi já.

Nígbà tó padà dé, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan ti bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Tìmùtìmù àrán wà níbẹ̀, etí rẹ̀ kan ti jóná díẹ̀. Ó ju méjèèjì sí Ìbídùn lẹ́sẹ̀.

"Ṣe kíá."

Ìka Ìbídùn ń yọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀. Ó fa awọ ewúrẹ́ ya kúrò, òwú fọ́n sílẹ̀. Ó fi etí àrán sí ojú ihò tó yí apá òsì ká, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká títí ó fi jókòó, ó ṣe ti ọ̀tún bákan náà. Ó gbé e wọ̀. Ó fa ọ̀pá irin wálẹ̀ sí ibi tó máa ń wà. Ó di ojú.

Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn padà wọ yàrá ara rẹ̀. Ohun gbogbo wà ní àyè wọn. Ohùn tó wúwo, tó dà bí ọ̀kan ṣoṣo lábẹ́ awọ, là sí méjì. Ọ̀kan súnmọ́, tín-ín-rín, ó ń dún fíín, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wúkọ́ díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì tó ru ẹrù. Ọkọ̀ Ọlátẹ́jú ni. Ìkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó jìnnà díẹ̀, ó rọra ń tẹ̀ lé e, àyà ló sì fi gbọ́ ọ. Kùù.

Ọpọ́n ń tọ Ọlátẹ́jú bọ̀ wálé. Bí òun bá ti tẹ irin ọ̀tún, ọkọ òun ni ìbọn ì bá pa, torí òun ló wà níwájú. Bí òun bá ti gbé awọ sókè tí òun tẹ irin òsì lásán, àwọn méjèèjì ni ì bá wọlé.

Ó tẹ irin òsì. Ìbọn dákẹ́ gìrì-gìrì, ó sọ orí kalẹ̀. Fíín náà kọjá lókè òrùlé, òrùlé gbọ̀n, eruku já bọ́ láti àjà. Ó dúró. Kò mí. Ó jẹ́ kí kùù wọ àárín àyà rẹ̀ pátápátá, kó má ku ẹnì kankan níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi gbogbo agbára tẹ irin ọ̀tún.

Ìbọn dún. Ọpọ́n náà bẹ́ nínú ọyẹ́, gbogbo ojú fèrèsé sì pọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti wọlé jù. Kò bọ́ sórí àpáta bí àwọn yòókù, orí àwọn ilé Ìsàlẹ̀ Àpáta ló bọ́ sí tòun ti iná tó rù. Ìbídùn gbọ́ bí òrùlé páànù ṣe ń wó. Ó gbọ́ àwọn obìnrin. Ó mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó gun òkè wá láàárọ̀, tí wọ́n ń bi í bóyá awọ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀kan ń pe ọmọ. Ọ̀kan kò pe ẹnì kankan, ó kàn ń ké ni, igbe náà sì ń ga sí i títí tí kò fi dà bí ohùn ènìyàn mọ́. Ìbídùn kò lè bọ́ hẹ́dífóònù. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ṣì kù níta. Ó jókòó, ó ń gbọ́ wọn títí ohùn wọn fi ń dín.

Nígbà tó la ojú, Jagun dúró níwájú rẹ̀. Ó ti yọ ọ̀bẹ. Ó fi ọwọ́ tí kò jóná dì í mú.

"Ṣé ó pè mí?" ló béèrè.

Ìbídùn gbé apá kan hẹ́dífóònù kúrò. "Ó pè yín. Ó ní kí ẹ má yìn ín mọ́. Ó ní, bàbá, àwa ni."

Jagun mi orí. Ó mi orí náà pẹ́, bí ẹni pé wọ́n ń ka nǹkan gígùn kan fún un. Omi wà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"O mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́, bàbá."

"Nínú méjèèjì, èwo ló ń gbọ́ran jù?"

Àrà ni ìbéèrè náà. Ìbídùn wò ó lójú, kò rí nǹkan kankan kà níbẹ̀. Ọkùnrin tí inú rẹ̀ bàjẹ́ tó báyìí lè fẹ́ gé èyí tó dára jù, kó lè dun òun dọ́kàn. Ó sì lè fẹ́ dá a sí fún ìlú. Bí òun bá purọ́, tó sì jẹ́ pé ó fẹ́ gbẹ̀san, etí gidi á kù sí òun lára. Bí òun bá purọ́, tó sì jẹ́ pé àánú ló fẹ́ ṣe, èyí tí ó wúlò ni yóò bá lọ, ọkọ̀ tó kù níta á sì kú. Kò sí àrán tó lè fi gbọ́ inú Jagun. Ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tí kò dá a lójú lẹ́ẹ̀kan lónìí.

"Òsì," ló wí. "Òsì ló ń gbọ́ran jù."

Jagun di etí òsì rẹ̀ mú, ó fà á. Ìbídùn gbọ́ bí ojú ọ̀bẹ ṣe fara kan ìdí rẹ̀, ó tutù. Ó di apá àga mú. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Èémí Jagun ń fẹ́ sí i lọ́rùn.

Lẹ́yìn náà ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó yí orí rẹ̀ padà, ó sì gé ọ̀tún.

Kò gé e lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀bẹ náà kú díẹ̀, egungun rírọ̀ etí sì le ju ohun tí ènìyàn rò lọ. Ìbídùn ké, ó sì gbọ́ igbe ara rẹ̀ látinú bí ìgbà tí ènìyàn ń ké nínú àgbá. Nígbà tó parí, Jagun fa aṣọ ya lára bùbá ara rẹ̀, ó dì í yí ojú egbò náà. Ó gbé hẹ́dífóònù. Apá ọ̀tún kò lè jókòó mọ́ lórí aṣọ dídì náà, kò sí ohun tó máa gbá ohùn mú níbẹ̀, nítorí náà ó yí i sókè kó má máa dà á láàmú. Apá òsì, ó fi ọwọ́ tó jóná gbé e lé etí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó tẹ àrán náà yíká bó ti rí i tí Ìbídùn ṣe é, títí ó fi jókòó.

"Ó wà dáadáa?"

"Ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀ sí i."

Ó fà á wálẹ̀. Ó sì mú ohun tó gé, ó dojú kọ ògiri, ó ń wá ìṣó.

Ilẹ̀kùn ṣí gbàgà. Ọlátẹ́jú ló wọlé, eruku pupa láti orí dé ẹsẹ̀, àpótí oògùn kan wà léjìká rẹ̀. Ó rí ẹ̀jẹ̀. Ó rí ọ̀bẹ. Àpótí náà bọ́ lé ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ, ó ń pè é, ó ń bi í ní nǹkan, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sí i. Kò sí ohun tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ láyé yìí ju kí ọwọ́ méjèèjì yẹn kàn án lọ.

Ṣùgbọ́n Ìbídùn gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè pé kó dúró síbẹ̀, kó dákẹ́.

Agogo dún lẹ́ẹ̀kan.

Jagun kò yíjú kúrò lára ògiri. "Kí lo gbọ́?" ló béèrè.

Ìbídùn di ojú, ó fi etí kan gbọ́ ọ dáadáa, kò kánjú.

"Tiwa ni," ló wí, ó sì tẹ irin òsì.